Èkó fún àwọn ọ̀dọ́langba: ohun tó yẹ owó wa àti èyí tí kò yẹ ẹ́

Ohun tí àwọn ọmọ wa ṣì ń sọ nípa Èkó títí di bí mo ṣe ń kọ èyí kì í ṣe ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ láti Ìbàdàn, kì í sì í ṣe etí òkun. Ohun tó gbé wọn rìn ni: rélùwéè, ọkọ̀ ojú omi, afárá tó ń mì lókè igi. Níbi tí a bá ti ní kí wọ́n dúró wo nǹkan, àfi kí nǹkan náà lágbára gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú fóònù lojú wọn ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọ̀dọ́langba lọ sí Èkó, kó fi èyí sọ́kàn kó tó máa sanwó ibi kankan.

Àwa márùn-ún la lọ: èmi, Dádì wọn, ọmọbìnrin wa ọmọ ọdún 17, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ọmọ ọdún 15, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọmọ ọdún 13, ẹni tó jẹ́ pé bí dátà bá ti tán, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Dádì wọn fẹ́ ká gbé mọ́tò. Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Mónìyà la ti wọ rélùwéè, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021. Ojú irin náà tó nǹkan bíi kìlómítà 157, ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágómèjì, l'Ẹ́bútẹ́ Mẹ́ta, ló sì ń já èèyàn sí. (Ọmọkùnrin mi béèrè ẹni tó ń jẹ́ Mobolaji Johnson. Dádì rẹ̀ yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀: gómìnà àkọ́kọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ní, sójà ni.) Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò, kò sẹ́ni tó ń bínú sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, wákàtí bíi méjì àbọ̀ sí mẹ́ta sì ti gbé wa dé àárín ìlú. Àwọn ọmọ jẹun, wọ́n rìn láti kóòṣì kan sí èkejì, wọ́n tún sùn. Owó mìíràn wo lẹ fẹ́ fi ra ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀?

Yábàá la dé sí, nítorí ó sún mọ́ ibùdókọ̀, kò jìnnà sí afárá tó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, owó ilé ibẹ̀ ò sì tó ti Lẹ́kì. Fúláàtì tí wọ́n ń yáni fún ọjọ́ díẹ̀ la gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní shortlet. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti polówó ilé náà ni pé iná ò ní í lọ tọ̀sántòru. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, Wi-Fi bá a dákẹ́, àwọn ọmọ mẹ́ta sì jáde sí pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú fóònù tí kò ní ṣaajì. Ẹ̀ṣọ́ ilé ní òfin ilé nìyẹn, pé inverter yóò gbé fáànù. Ó gbé fáànù lóòótọ́. Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbalé fún ọ̀dọ́langba, ẹ má béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ wà. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ èsì ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Wàyí o, ti Ìsàlẹ̀ Èkó. A gbé ọkọ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Blue Line (rélùwéè inú ìlú Èkó) tó wà l'Ígànmú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Theatre, ilé ńlá tó rí bíi fìlà sójà tí ìjọba kọ́ nítorí FESTAC (àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú) ọdún 1977, tó sì ti ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká báyìí. Láti ọdún 2023 ni Blue Line ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Màrínà, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún. Iná mànàmáná ló ń lò. Ẹ ó ra káàdì Cowry, ẹ ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún fi kan án nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde. Kí oníkálukú ní tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó di káàdì ara rẹ̀ mú máa ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Láti Ìgànmú, ọkọ̀ náà rìn díẹ̀ láàárín òrùlé páànù, lẹ́yìn náà ló gorí ọ̀sà. Àwọn ọmọ dákẹ́. Omi wà nísàlẹ̀, kéréènì èbúté Àpápá ga sókè lápá kan, àwọn ilé gogoro Màrínà ń súnmọ́ wa níwájú. Ọmọbìnrin mi fi iwájú orí ti gíláàsì, ó ń ya fídíò, kò tilẹ̀ wo inú fóònù tó fi ń yà á. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Màrínà ni àbúrò rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká padà wọ̀ ọ́." A padà wọ̀ ọ́. A gbé e dé Mile 2, a ò jáde lọ síbì kankan, a tún gbé e padà wá. Nínú gbogbo ohun tá a náwó lé lórí l'Ékòó, kò sí èyí tó dínwó tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tó dùn mọ́ wọn tó ó, àyàfi ọ̀kan tí mo ń bọ̀ wá sọ.

A ti háyà ẹnì kan tó ń mú àlejò káàkiri pé kó pàdé wa ní Màrínà. Ọkùnrin náà mọ Èkó, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ èmi àti Dádì wọn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Tó bá kan àwọn ọmọ, "ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan" ni. Kí aago méjì tó lù, mo ti fún un lówó rẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun sà, ó tó." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà dára ju àárọ̀ rẹ̀ lọ.

Freedom Park l'ópòópónà Broad Street, ẹsẹ̀ la fi rìn lọ síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó ni tẹ́lẹ̀; Herbert Macaulay, ọ̀kan lára àwọn tó bá òyìnbó jà fún òmìnira, ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Lọ́dún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, tí ìtàgé ńlá sì wà níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn láyé ọjọ́un. Wọ́n fi àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n díẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe kéré tó. Ọmọkùnrin mi, tó ga tó bàbá rẹ̀ báyìí, na apá méjèèjì nínú ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn la jẹ ìrẹsì àti ẹja yíyan lábẹ́ igi níbẹ̀.

Oníkan ló kàn. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, torí mùsíọ́mù ni, àwọn ọmọ sì ti yó. Àmọ́ John Randle Centre kì í ṣe irú mùsíọ́mù tí àwa mọ̀ nígbà tá a wà nílé ìwé. Lọ́dún 2023 ni wọ́n ṣe ayẹyẹ ìṣílé rẹ̀. Àwòrán ń rìn lára ògiri, ìlù ń dún, òrìṣà wà, àdìrẹ wà, orin àti fíìmù wa náà wà níbẹ̀, àlàyé sì wà ní Yorùbá pẹ̀lú àmì lórí. Ọmọkùnrin tó máa ń sá fún iṣẹ́ Yorùbá nílé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí bóyá òkè ni àbí ìsàlẹ̀. Èmi kàn dúró sẹ́yìn ni.

Ìtàn Dókítà Randle tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà gan-an ló mú ọmọ ọdún 13 náà. Àwọn ọmọ Èkó ń kú sómi nígbà náà. Dókítà náà bẹ ìjọba amúnisìn pé kí wọ́n kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ọmọ yóò ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n kọ̀, ó bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ lọ́dún 1928. Wọ́n tún adágún náà ṣe, ó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. "Àǹtí, owó ara ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà lọ wo omi náà lẹ́ẹ̀kejì.

Níbi National Museum tó wà ládùúgbò kan náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi hàn wọ́n tí àyè ò bá gbà yín: mọ́tò Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, sínú rẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù Èrèlé ọdún 1976. Ihò ọta wà lára rẹ̀ kedere. Kò sí ìwé ìtàn tó lè ṣe iṣẹ́ tí mọ́tò yẹn ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Lẹ́kì nílò ọjọ́ tirẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kẹ́ ẹ kúrò ní Yábàá, kẹ́ ẹ gba Third Mainland kí ọkọ̀ tó pọ̀. Àwọn ọmọ á rí Mákòókò lórí òpó inú omi bí ẹ bá ṣe ń gorí afárá. Lekki Conservation Centre ni "ọ̀kan" tí mo ní mò ń bọ̀ wá sọ. Igbó gidi ni, hẹ́kítà 78, nínú ariwo Lẹ́kì. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n ń tà, èyí tó ní afárá orí igi nínú àti èyí tí kò ní in. Ẹ má ṣe ra èyí tí kò ní in, ẹ kàn máa fi owó yín ṣòfò ni. Afárá náà gùn tó mítà 401, láti ọdún 2015 ló sì ti wà níbẹ̀. Okùn irin ló so ó rọ̀, àwọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹsẹ̀ ẹnì kan ló ń gbà, ó sì ń jó lábẹ́ yín bí ẹ bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Níbi tó ga jù, mítà bí 22 ló wà sílẹ̀.

Àwọn ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré kọjá. Dádì wọn ní tiẹ̀ di okùn irin mú bí ẹni tó di ìwo màlúù Iléyá mú, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ sí ara rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ padà wá sẹ́yìn, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn: "Dádì, ẹ má wolẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn orí mi." Lẹ́yìn náà ló kọjá síwájú rẹ̀, tí bàbá náà sì ń tẹ̀ lé e. Fídíò rẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo ẹbí báyìí. Bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀ o, kẹ́ ẹ sì tọ́jú bisikíìtì yín. Ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ nǹkan, ṣe ló máa ń já a gbà.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà sí Nike Art Gallery. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Àwòrán kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé àjà, ilẹ̀kẹ̀, ère, àdìrẹ, ti Màmá Níkẹ̀ẹ́ Okundaye àti ti àwọn míì. Ọmọbìnrin mi ò fẹ́ kúrò; ọmọkùnrin mi jókòó síta lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Méjèèjì dára.

Tarkwa Bay, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Ẹ dúnàá-dúrà, ẹ rí i pé gbogbo yín wọ jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí, kẹ́ ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Omi ibẹ̀ rọra ju ti àwọn etí òkun yòókù. Ó dáa, àmọ́ lílọ rẹ̀ dùn ju dídé rẹ̀ lọ.

Ilé ìtajà ńlá àti sinimá tí wọ́n fi gbogbo ọ̀nà bẹ̀bẹ̀ fún? A lọ. Ṣíkìn tí wọ́n jẹ níbẹ̀, òun náà ló wà ní Dùgbẹ̀, ó kàn wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn fúnra wọn ló ní ká máa lọ sílé.

Ojúlé Fẹlá l'Ópòópónà Gbémisọ́lá n'Íkẹjà tó ti di Kalakuta Museum ń kọ́? Red Line, rélùwéè inú ìlú kejì, la wọ̀ láti Yábàá (ẹ wo àkókò rẹ̀ dáadáa, kì í fìgbà gbogbo wá). Wọ́n fi yàrá rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, bàtà wà lọ́wọ̀ọ̀wọ́, pátá wà lórí ìkọ́, sàréè rẹ̀ wà níwájú ilé. Bí Dádì wọn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni ọmọbìnrin wa dá a lẹ́nu: ṣé ẹ mọ̀ pé bàbá àgbà Burna Boy, Benson Idonije, ló kọ́kọ́ jẹ́ mánéjà Fẹlá? Bàbá ò mọ̀. Títí a fi jáde níbẹ̀, ọmọ ló ń ṣàlàyé.

Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lówó, mo ní òkìrìkà Yábàá rèé, mi ò ní dá sí ohunkóhun tí wọ́n bá rà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í sọ̀rọ̀ gbé jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì kan sókè.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ọmọ dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ̀rún méjì."

"Háà! Ṣé kí n fi ìyókù tọrọ owó ọkọ̀ ni?"

"Bọ́tìnnì kan ò sí lára ẹ̀. Ẹ wò ó."

Ọkùnrin náà wò ó. Ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà padà dé Ìbàdàn nínú ooru.

Bó bá jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ní, ẹ fi Blue Line àti Oníkan sí Sátidé, kí Lẹ́kì jẹ́ ti Sọ́ńdè, ẹ gbàgbé ìyókù. Tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè àlọ àti àbọ̀, ẹ rà á pa pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti àbọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè ló máa ń tètè tán.