Orin sẹ́lò Elgar: nínú àwo mẹ́ta yìí, èwo ni kí ẹ rà?

Lọ́dún 1919, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ni Edward Elgar, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ orin yìí tán fún sẹ́lò (ohun èlò olókùn bíi gòjé ńlá, tí wọ́n ń fi ọ̀pá onírun ta) àti ẹgbẹ́ olórin ńlá. Àárò àti ìbànújẹ́ ogun náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ti gbà á sílẹ̀ sínú àwo pọ̀ lọ jàra, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá bi mí.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, ẹ ra ti Jacqueline du Pré, èyí tó fi sẹ́lò rẹ̀ gbà sílẹ̀ lọ́dún 1965 pẹ̀lú ẹgbẹ́ olórin London Symphony. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà. Ẹ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀: sẹ́lò nìkan ló ké, ó tẹ ọ̀pá mọ́ okùn débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bí irun ọ̀pá ṣe ń họ ọ́. Láìpẹ́, sẹ́lò á máa gòkè, á máa gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, bó bá ti dé téńté, gbogbo ẹgbẹ́ á bú sí orin lẹ́ẹ̀kan náà. Orí mi máa ń wú níbẹ̀. John Barbirolli tó darí wọn wà láàrin àwọn tó ta sẹ́lò nínú ẹgbẹ́ náà lálẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé orin yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ó mọ̀ ọ́n látinú. Akọrin obìnrin, Janet Baker, tún fi ohùn kọ orin òkun Elgar, Sea Pictures, sínú àwo kan náà.

Sheku Kanneh-Mason, ọmọ Nottingham tí ìyá rẹ̀ wá láti Sierra Leone, ló ni èkejì. Ọdún 2020 ló jáde, Simon Rattle ló darí ẹgbẹ́ London Symphony kan náà. Sheku kì í ké, ṣe ló ń bá yín sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ní ìpín kẹta, tó kúrú tó sì rọra ń lọ, mo fẹ́ràn tirẹ̀ ju ti du Pré lọ. Ohùn inú rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn orin kéékèèké tí wọ́n kó tẹ̀ lé e ni kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí.

Ẹ̀kẹta ni ti Beatrice Harrison, ọdún 1928, Elgar fúnra rẹ̀ ló darí. Ariwo inú rẹ̀ dà bí ẹni ń dín ata lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n kò sí fífà nílẹ̀ kankan. Ẹni tó kọ orin ló ń fi bó ṣe fẹ́ ẹ hàn yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ọdún ara páálí dáadáa. Harrison àti Elgar ti kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ ṣáájú 1928, wọ́n sì gé orin náà kúrú. Du Pré náà ní òmíràn tó ṣe ní Philadelphia lọ́dún 1970, tí ọkọ rẹ̀, Daniel Barenboim, darí. Orúkọ Barbirolli ni kẹ́ ẹ wá.