Pípààrọ̀ Áyọ́ọ̀nù Gọ́ọ̀fù: Èyí Tó Wà Lọ́wọ́, Tòkúnbọ̀ àti Tuntun ní Ìfiwéra

Nígbàkígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé sí Abuja, tí koríko orí pápá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ilẹ̀ sì le bí àpáta, ìbéèrè kan náà ni àwa tí a jọ ń gbá gọ́ọ̀fù máa ń bi ara wa: ṣé áyọ́ọ̀nù mi (ọ̀pá olórí irin tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù) ló ti gbó ni, àbí ọwọ́ mi ló ti rọ? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré, nítorí pé owó tí wọ́n ń ta sẹ́ẹ̀tì tuntun kan, láti áyọ́ọ̀nù 4 tàbí 5 títí dé wẹ́ẹ̀jì (èyí tí ojú rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn jù lọ, tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí), jẹ́ owó tí ènìyàn lè fi ṣe ohun gidi nínú ilé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé dọ́là ni wọ́n fi ń rà á wọlé. Èrò mi ni pé orí áyọ́ọ̀nù kì í tètè gbó bí a ṣe máa ń rò, àti pé ara ẹni tó ń gbá a ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó mọ̀ bóyá àsìkò ìpààrọ̀ ti tó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú ẹni tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ti pẹ́. Ó lè tún èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe, ó lè ra tòkúnbọ̀, ó sì lè ra tuntun. Kí a tó fi wọ́n wéra, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tó ń gbó gan-an.

Ohun tó máa ń gbó

Rọ́bà ìdìmú ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ. Oòrùn, òógùn àti ooru búùtù ọkọ̀ tí a gbé síta láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ máa ń mú un le, á sì máa dán bí ìgbà tí a fi òróró pa á. Ìmọ̀ràn tí àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù sábà máa ń fúnni ni pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tàbí lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 40 tí a bá ti yí pápá ká. Ní ìlú tí oòrùn ti mú bí ti Abuja, n kò rí ìdí tí a ó fi jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rọ́bà bá ń yọ̀, ọwọ́ á máa fún un ju bó ṣe yẹ lọ, apá á le, bọ́ọ̀lù á yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹni náà á sì máa rò pé irin ló ti kú. Bí èèkù ọkọ́ bá jẹrà, àgbẹ̀ kì í torí ìyẹn ju irin ọkọ́ nù.

Lẹ́yìn rọ́bà ni àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú irin. Iṣẹ́ wọn ni láti gba omi àti oje koríko kúrò láàárín bọ́ọ̀lù àti irin, kí irin lè di bọ́ọ̀lù mú, kí bọ́ọ̀lù sì máa yí sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, èyí tí yóò mú un dúró nígbà tó bá balẹ̀ sórí gíríìnì, ìyẹn ilẹ̀ tí a tún ṣe dáadáa tí ihò wà nínú rẹ̀. Iyanrìn ni ọ̀tá àwọn ilà yìí. Ìdí nìyí tí wẹ́ẹ̀jì, tí a fi ń yọ bọ́ọ̀lù nínú kòtò iyanrìn, tí a sì máa ń lò jù lọ nígbà ìdánrawò, fi máa ń gbó tipẹ́tipẹ́ ṣáájú áyọ́ọ̀nù 5 tàbí 6. Lórí àwọn pápá Àríwá tí gíríìnì wọn kì í ṣe koríko, tó jẹ́ iyanrìn tí a pò mọ́ òróró, èyí tí à ń pè ní browns, ìjẹ́jẹ náà tún máa ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ pupa máa ń ha irin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi èékánná fa ojú irin náà kọjá: bí etí ilà bá ṣì ń kọ́ èékánná, ó ṣì wúlò, bí èékánná bá ń yọ̀ lọ bí ẹni pé ilà kò sí níbẹ̀, ó ti parí iṣẹ́. Ẹ má ṣe ti ìṣesí bọ́ọ̀lù lásìkò ọyẹ́ dá irin lẹ́jọ́, nítorí gíríìnì tó ti le máa ń mú kí bọ́ọ̀lù ẹnikẹ́ni sá kọjá ihò. Ìgbà òjò ni kí ẹ wò ó. Bí bọ́ọ̀lù kò bá dúró lórí gíríìnì tútù, a lè fura sí ilà.

Ọ̀pá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, tó dógùn-ún, tàbí tí graphite rẹ̀ (ohun fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá dípò irin) sán, ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo yẹn.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ irin kò sọ gbogbo òtítọ́

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó tí kò yẹ. Loft ni a ń pe bí ojú irin ṣe tẹ̀ sẹ́yìn tó, dígírì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n; bí ó bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti nọ́ńbà irin. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí áyọ́ọ̀nù Ping Eye 2 tí Karsten Solheim, olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ Ping, ṣe jáde ní 1982 wà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, áyọ́ọ̀nù 7 sábà máa ń jẹ́ dígírì 34 tàbí 35. Lóde òní, ọ̀pọ̀ áyọ́ọ̀nù 7 tí wọ́n ṣe fún àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá jẹ́ dígírì 28 sí 30. Ẹni tó bá fi 7 tuntun gbá bọ́ọ̀lù, tó wá lọ síwájú ju ti àtijọ́ lọ ní yáàdì 12 tàbí 15, irin tó bá 6 tàbí 5 rẹ̀ àtijọ́ mu ni ó fi gbá a, nọ́ńbà nìkan ló yí padà. Ó tọ́ kí a sọ pé àwọn tó ń ṣe é kò kàn yí nọ́ńbà lásán: wọ́n gbé ìwúwo irin lọ sí ìsàlẹ̀ àti sí etí, tí bọ́ọ̀lù fi lè gòkè dáadáa bí ojú irin kò tilẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn púpọ̀, àṣìṣe ìgbá kì í sì í jẹ ènìyàn níyà tó ti tẹ́lẹ̀.

Ìnáwó kan sì wà tí kì í hàn lára iye owó sẹ́ẹ̀tì. Wẹ́ẹ̀jì àkọ́kọ́ nínú sẹ́ẹ̀tì tuntun lè jẹ́ dígírì 43 tàbí 44, nígbà tí ti àtijọ́ máa ń wà ní àyíká 48. Bí wẹ́ẹ̀jì iyanrìn yín bá jẹ́ 56, àlàfo dígírì 12 tàbí 13 ti là sí àárín wọn, ní ibi tí a ti ń wá pá (iye ìgbá tí a yàn fún ihò kọ̀ọ̀kan) jù lọ. Ẹ óò ra wẹ́ẹ̀jì mìíràn dí i, tí ẹ óò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú báàgì, nítorí òfin kò gbà ju ohun ìgbá 14 lọ.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ibi tí ẹ ti dán irin wò. Jos ga ju mítà 1,200 lọ sókè òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù sì máa ń lọ jìnnà níbẹ̀ ju Abuja lọ, ó lè tó yáàdì 4 lórí 150. Ẹni tó bá yá irin ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ní Jos kò gbọdọ̀ fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí.

Ewo ni ó yẹ ta ni?

Títún èyí tó wà lọ́wọ́ ṣe ni ó yẹ ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì yí padà, tí ìyàtọ̀ jíjìn láàárín irin kan àti èkejì rẹ̀ ṣì dọ́gba. Rọ́bà tuntun, wẹ́ẹ̀jì kan tàbí méjì, àti kí ẹnì kan wọn loft gbogbo rẹ̀, ti tó. Bí irin yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi òòlù rọ, ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì, nítorí irin rẹ̀ rọ̀, ilẹ̀ líle ẹ̀ẹ̀rùn sì lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dùn mọ́ni pé a lè tẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àwo kì í tètè tẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí a tẹ òun náà padà. Sẹ́ẹ̀tì mi ti pé ọdún mọ́kànlá, wẹ́ẹ̀jì àti rọ́bà rẹ̀ nìkan ni mo tíì pààrọ̀.

Tòkúnbọ̀ ni mo máa ń gba ẹni tó fẹ́ yí irú irin padà níyànjú, ìyẹn ẹni tó fẹ́ kúrò lórí irin pẹlẹbẹ tó le gbá lọ sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jin kòtò. Ṣùgbọ́n ẹ tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó sanwó. Mo ti ra ọ̀kan rí tí ọ̀pá áyọ́ọ̀nù 8 rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, n kò sì mọ̀ àfi lẹ́yìn oṣù méjì tí bọ́ọ̀lù 8 kò gbọ́ràn rárá. Gígùn wọn gbọ́dọ̀ máa dín ní ìwọ̀n ìdajì íǹṣì láti ọ̀kan sí èkejì. Bí ó bá jẹ́ Ping, ẹ wo àwọ̀ àmì róbótó kékeré tó wà lára orí irin náà, tí ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ irin náà fún ìdúró ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Ẹni gíga àti ẹni kúkúrú kì í lo àwọ̀ kan náà. Ẹni tó ń gbá ìdíje ńlá sì gbọ́dọ̀ bi ìgbìmọ̀ ìdíje nípa irin tí wọ́n ṣe ṣáájú 2010, nítorí ọdún yẹn ni òfin tuntun lórí ilà ojú irin bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́.

Tuntun tọ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ ti yí padà. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí èjìká tàbí ìgúnpá ń dùn, tí áyọ́ọ̀nù 5 rẹ̀ kò jìnnà ju 6 rẹ̀ lọ mọ́, irin àtijọ́ ń jẹ ẹ́ níyà. Ọ̀pá irin a máa wọn gíráàmù 90 sí 130, nígbà tí graphite sábà máa ń wà láàárín 50 sí 80, eegun ọwọ́ á sì mọ ìyàtọ̀ náà lára. N kò ní dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́kun. Kí ó rà á, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó bá ara rẹ̀ mu.

Fún ẹni tí kò tíì dá lójú, ẹ fi 7 tuntun náà sí ẹ̀gbẹ́ 6 yín tàbí 5, èyíkéyìí tí loft rẹ̀ bá sún mọ́ tirẹ̀, kì í ṣe 7 yín. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ rọ́bà ti àtijọ́, kí ẹ jẹ́ kí kádì yín, ẹni tó ń bá yín gbé báàgì, máa sàmì síbi tí gbogbo rẹ̀ balẹ̀ sí. Kádì tó ti bá yín rìn fún ọdún méjì mọ bọ́ọ̀lù yín ju ẹ̀yin fúnra yín lọ. Ẹ má wo èyí tó jìnnà jù. Ẹ wo bí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe sún mọ́ ara wọn tó. Bí ti tuntun kò bá kó jọ ju ti àtijọ́ lọ, ẹ sanwó rọ́bà, kí ẹ gbé owó yòókù padà sílé.