Mo Sùn ní Ilé Tóóró Kan ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ẹ lè kọjá níwájú ilé yìí láì mọ̀ pé ilé ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ló há a mọ́ àárín. Fífẹ̀ rẹ̀ látìta kò ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ. Nítorí pé ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 7: bí mo bá na apá méjèèjì, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ mi kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Yàrá kan ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan lókè, àkàsọ̀ pákó láàárín wọn. Ẹbí tó ni ín ló tún un ṣe fún àlejò. Èmi àti ìyàwó mi sùn níbẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti sanwó fún ní Abẹ́òkúta lọ.

Màmá tó ń tọ́jú ibẹ̀ ló sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ọ̀nà tó wà láàárín agbo ilé méjì ni tẹ́lẹ̀. Ìyá wọn àgbà ń ṣe adìrẹ, ó bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún òun níbi tóun máa kó aṣọ sí, ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù náà nìyẹn. “Aṣọ ni wọ́n kọ́ ọ fún, ọmọ mi,” ni Màmá wí, “èèyàn ló wá bá aṣọ níbẹ̀.” Ó yé mi. Ibi tí ogun ò ti ní ká wọn mọ́ làwọn Ẹ̀gbá tó bá Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830 ń wá. Ìlú lórí ìlú ló kóra jọ sáàárín àpáta, kálukú tẹ̀dó sí àdúgbò tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀ sí i, kò sí àlàfo kékeré tí wọn ò fi ṣe nǹkan.

Ọdún 1830 yẹn náà ni John Hollensbury kọ́ ilé kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 ní Alexandria, ní ìpínlẹ̀ Virginia, Amẹ́ríkà, láti fi dí ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ ẹṣin àtàwọn alárìnkiri yéé gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ kọjá. Ó ṣì dúró dòní. Ti Ìtòkú wù mí jù ú lọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin kan ló bí i.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lò dáadáa. Wọ́n gbẹ́ ihò sára ògiri níbi tí wọ́n ń to aṣọ sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi àwọn páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n gé àwòrán sí lára kọ́ ògiri. Níbòmíràn, ìyẹ́ adìyẹ làwọn obìnrin fi ń ya adìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gbé irú páànù yìí lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún pa á, ibi tí ẹ̀kọ bá sì ti gbẹ, aró ò ní mú un. Màmá gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ti dán nítorí àìmọye ọwọ́ tó ti dì í mú.

Lókè, páànù orí ilé máa ń gbóná lọ́sàn-án, bí iná ò bá sì sí, fáànù ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìsàlẹ̀ tutù, ògiri amọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àkàsọ̀ náà ga fíofío, kò dáa fún àgbàlagbà. Ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà, omi kànga lẹ máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbé.

Ohun kan ń dùn mí: wọ́n ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ iwájú ilé náà. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ ráyè jáde, ó sì ti ń ṣí lábala lábala. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ìyókù. Wọ́n ní àwọn á bá àwọn ọmọ àwọn sọ ọ́, mo sì gbàdúrà kí wọ́n gbọ́.

Láti Kútọ̀, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá dé Ìtòkú. Ọkọ̀ ò lè wọ ọ̀nà náà, nítorí náà ẹ má gbé ẹrù ńlá. Bí ẹ bá tètè sọ fún Màmá, wọ́n á ro láfún fún yín, wọ́n á sì fi ewédú sí i. Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé.