Ulver, àwo mẹ́ta àkọ́kọ́: mo pariwo mọ́ bàbá atúnrédíòṣe lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀

Ọjọ́ Sátidé ni, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nínú ìsọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Ojúẹlẹ́gba. Mo pariwo mọ́ bàbá náà. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ₦12,000 ni mo san, ẹ̀rọ yìí ò tíì yá!" Ohùn mi ròkè débi pé àwọn tó ń ta fóònù ní ìta yọjú wò wá. Ohun tó ń jáde lẹ́nu sípíkà dà bí ìgbà tí òróró gbóná bá ń ta nínú agbada, tí ẹnì kan sì ń ké nínú yàrá kejì. Bàbá pa iná kíá. Ó yọ síkúrúdíráfà tó fi há etí, ó tún ẹ̀rọ náà tú. Ìgbà kẹta tó máa tú u lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Àwo tó wà nínú ẹ̀rọ CD mi ni Nattens Madrigal, tó jáde ní 1997, àwo kẹta ẹgbẹ́ olórin Ulver, àwọn ará Norway. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n ṣe gba orin ọ̀hún sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí títí di ìsinsìnyí ni pé, nínú gbogbo ẹni tó wà ní ìsọ̀ yẹn, èmi nìkan ló ti gbọ́ àwo náà rí.

Ní 2004, nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Yábà, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá máa ń lọ mọ́jú ní kafé, torí owó kọ̀ǹpútà kì í pọ̀ lóru. Tó bá di àárọ̀, á kó orin dé nínú CD tó fi bírò kọ nǹkan sí lára. Fela wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi ẹnu sáré wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó kó Ulver dé. Kò mọ̀ wọ́n rí, orúkọ wọn ló wù ú. A ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, ṣùgbọ́n Bergtatt àti Kveldssanger, àwo kìíní àti èkejì wọn, kò kúrò létí mi fún odindi ọdún kan. Ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì péré. Mo ní ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló bà á jẹ́, mo pa á tì. Lẹ́yìn ìyẹn, CD náà bá ẹrù lọ nígbà tí mo kúrò ní họ́sítẹ̀lì. Mo gbéyàwó, mo bímọ, mo di ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn nínú mọ́tò. Àfi lóru ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá tí oorun ò kùn mí, tí ohùn kan láti inú Kveldssanger ṣàdédé wá sí mi lọ́kàn, tó kọ̀ tí kò lọ.

Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá mi ra ojúlówó CD mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo mọ̀ pé mo lè gbọ́ ọ lórí fóònù. Mi ò fẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ẹ̀kẹta yẹn ní mímọ́ tónítóní, bó ṣe yẹ kí n ti gbọ́ ọ láti 2004.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tó bá mi gbé ẹrù náà wá. Mi ò ní dárúkọ wọn, ẹni tí wọ́n bá ti ṣe irú rẹ̀ fún á mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni CD mẹ́ta fi wà lọ́dọ̀ wọn. Tí mo bá pè lónìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Tí mo bá pè lọ́la, "Ọ̀gá mi, ẹrù yín ti jáde." Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà wọn pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá, mo wà ní géètì yín." Èmi náà wà ní géètì. Èmi àti ewúrẹ́ onílé nìkan la wà níbẹ̀.

Nígbà tó sú mi, mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Àǹtí tó jókòó níbẹ̀ já páálí náà lójú mi, ó fa CD kan yọ, ó tẹjú mọ́ ẹranko tó wà lára rẹ̀.

"Ajá ni àbí kí ni?"

"Ìkookò ni, mà."

"Ìkòkò?"

"Ìkookò. Ó dà bí ajá igbó."

Ó wò mí. Ó wo CD. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá iwájú rẹ̀: CD ajá, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá kì í ṣe nǹkan àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Mo ní rárá, orin ni. Ó ní ṣé mo lè kọ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbà mí. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ irú orin yìí ní kọ́ńtà? Ó wá ní kí n san ₦7,500 owó ìpamọ́, lórí ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn fi falẹ̀. Mo jiyàn, mo sì san án. Nígbà tí mo ṣí Kveldssanger, àwọn eyín kéékèèké tó máa ń di CD mú láàárín ti kán dànù, CD náà wá ń mì gbọngbọn nínú ilé rẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ká. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ àǹtí yẹn: ó wá téèpù láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó bá mi dì í dáadáa, kò gba kọ́bọ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí mo délé, ẹ̀rọ CD mi, tí a ò tàn láti bí ọdún mẹ́fà, kò ka nǹkan kan. Ìdí tí mo fi dé Ojúẹlẹ́gba nìyẹn.

Bàbá yẹn mọṣẹ́. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n. Ó fi òwú tó rẹ sínú sípíríìtì nu ojú kékeré tó ń ka CD, bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ ìkókó. Ó fi irin gbígbóná jó òjé sí ibi wáyà méjì tó ti já. Ó gbé CD àpàlà Haruna Iṣọ̀lá tó fi ń dán ẹ̀rọ wò sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún ketekete, èèyàn ń gbọ́ èémí akọrin. Mo dúpẹ́, mo sanwó. Mo ní kó jẹ́ kí n dán tèmi náà wò kí n tó máa lọ. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtúpalẹ̀ kẹta, tí òun náà ti ń làágùn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi òmíràn sí i." Wọ́n fi Kveldssanger sí i. Jìtá kan ṣoṣo jáde, ó mọ́ bí omi kànga. Ìka ń fà lórí okùn, a ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ta ló jẹ̀bi báyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wáyà àti èérún òjé. Ó ní kí n dìde, kí n má fi ṣòkòtò funfun nu ilẹ̀ òun. Ó wá ní, "Fi aláriwo yẹn padà." Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Ó yí báàsì sókè pátápátá, báàsì ò yọjú, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nínú àwo náà. Ó béèrè pé, "Ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é báyìí?" Mo ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni, sà. Ó di ojú, ó sún mọ́ sípíkà. Ó ní nígbà ogun Bìáfrà, lóru làwọn máa ń wá BBC lórí ṣọ́ọ̀tì-wéèfù, ariwo á sì bo gbogbo rẹ̀, àfi kí èèyàn jókòó tì í títí ohùn á fi yọ. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kùn ún. Ó ń kùn orin kan. Mo tẹ́tí sí i, mo tẹ́tí sí sípíkà: orin yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́, lábẹ́ òróró tó ń ta, jìtá méjì tó ń wé mọ́ra wọn, ó sì dùn débi pé ó bà mí nínú jẹ́. Ogún ọdún ni mo fi dá ẹni tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, mo tún wá dá bàbá lẹ́bi. Bàbá tí kò gbọ́ black metal, irú orin aláriwo yìí, rí láyé rẹ̀ ló fi ìṣẹ́jú márùn-ún rí i.

Ìtàn kan wà tí wọ́n ń sọ káàkiri pé àwọn Ulver kó owó tí Century Media, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, fún wọn láti gba àwo yìí sílẹ̀, wọ́n fi ra aṣọ olówó iyebíye àti mọ́tò, wọ́n wá lọ gba orin sílẹ̀ nínú igbó. Irọ́ ni, àwọn fúnra wọn ti sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwo náà ná, ẹ ó mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi gbà á gbọ́. (Orin kejì nínú rẹ̀ dá lórí ìkookò àti èṣù. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀.)

Ní ti Bergtatt, ti 1995, mo ti gbàgbé bó ṣe dára tó. Àlọ́ ni wọ́n pè é lára àwo náà, àlọ́ orí márùn-ún, ìṣẹ́jú bíi 35 lápapọ̀. Ọmọbìnrin kan ń rìn lọ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn iwin inú òkè tàn án, òkè gbé e mì. Ẹni tó bá ti gbọ́ àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkọ, tó wá tẹ̀lé arẹwà tó yá ẹ̀yà ara lò wọ inú igbó, ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tiwa sábà máa ń rí ọdẹ tó máa gbà á sílẹ̀. Tiwọn ò rí. Ní orí kẹta, orin dákẹ́ díẹ̀, a wá ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré nínú igbó, ewé àti igi ń ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lórí tábìlì, gbé orí sókè. "Dádì, ta ló ń lé e?" Mi ò rí èsì fún un. Garm, tó ń kọrin níbẹ̀, Kristoffer Rygg lórúkọ rẹ̀ gan-an, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ sì ń dà bí ìgbà tí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bá dìde lẹ́ẹ̀kan. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni iná jó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó bá ń kọrin. Igbe yẹn, mo ń fara dà á ni.

Kveldssanger, ti 1996, ló gbé mi dìde lóru, nítorí náà mo retí púpọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ìlù bí ti orin mẹ́tà, kò sí jìtá oníná, jìtá lásán ni, àti cello, àti ohùn. Mo gbọ́ ọ lóru ọjọ́ tí òjò rọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, tí iná lọ, tí mo gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ariwo rẹ̀ má bàa dé pálọ̀. Ìyá ìyàwó mi tó wà lọ́dọ̀ wa jáde láti yàrá, ó ní ṣé orin Àgùdà ni, ó sì jókòó. Ó dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn orin míì níbẹ̀ kúrú débi pé ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n pè mí wá jẹun, wọ́n wá gbé àwo lọ kí n tó wẹwọ́ tán. Ní 2004 mi ò rí ìyẹn. Bóyá torí mi ò ní nǹkan míì láti ṣe nígbà yẹn ni.

Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí, wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ní 1998 wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà láti fi orin sí ewì William Blake. Mi ò ní wọ inú ìyẹn níbí.

Máàkì nínú márùn-ún. Bergtatt: 4. Kveldssanger: 5, ìyá ìyàwó mi jókòó tì í, àgbà ló yẹ kí n bu ọlá fún. Nattens Madrigal: 2, torí orí ń fọ́ mi tí mo bá gbọ́ ọ tán, ìyàwó mi sì ti ní kí n máa gbọ́ ọ pẹ̀lú íápíìsì. Bàbá atúnrédíòṣe: 5, kò sì gba owó ìtúpalẹ̀ méjì tó kù. Àwọn tó gbé ẹrù: òdo, àyàfi téèpù.

Mo fẹ́ tún Nattens Madrigal gbọ́ kí n tó fi máàkì yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nílé. Bàbá ló yá a lọ́wọ́ mi ní Sátidé yẹn, ó ní ọjọ́ Àìkú lòun máa dá a padà. Ọjọ́ Àìkú méjì ti kọjá. Mo pè é láàárọ̀ yìí, ó gbé e, kò sọ̀rọ̀, òróró ń ta lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún.