Brown Card fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu, Lómẹ àti Accra: ohun tó ń ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Brown Card, ìyẹn ìwé ìbánigbófò fún ọkọ̀ tó bá kọjá bodè lọ sí orílẹ̀-èdè ECOWAS mìíràn, tí mo rà lọ́wọ́ ajẹ́ntì ìbánigbófò kan ní Tákié, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ń gbé yẹ̀ wò. Ìwé náà tó owó tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ń tà á kì í ṣàlàyé tán.

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu ní 29 May 1982 ló bí i. Bí ọkọ̀ yín bá gbá ẹnìkan tàbí ba dúkìá jẹ́ ní Lómẹ, ọ́fíìsì Brown Card ti Tógò ló máa bójú tó o bí òfin Tógò ṣe wí, iléeṣẹ́ tó ta ìwé fún yín ní Nàìjíríà ló sì máa san owó náà padà. Ẹni tí ẹ ṣe ní jàǹbá nìkan ló wà fún. Kò kan bọ́ńpà tiyín, kò kan ọkọ̀ tí wọ́n jí, kò sì kan ẹrù inú bùtù. Kódà ẹni tó ní comprehensive (ìbánigbófò tó kan ọkọ̀ tiẹ̀ náà) gbọ́dọ̀ béèrè bóyá tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kọjá bodè Sẹmẹ.

Ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìbánigbófò tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọn yóò béèrè. Orí ìbánigbófò yẹn ni káàdì dúró lé: ọjọ́ tó bá kú, káàdì náà ti kú nìyẹn. Bó bá ku oṣù kan, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra káàdì. Third party (ìbánigbófò tó wà fún ẹni tí ẹ bá ṣe ní jàǹbá nìkan) fún ọkọ̀ ilé ti di ₦15,000 láti January 2023. Owó Brown Card yàtọ̀ sí i, nítorí náà ẹ gba rìsíìtì méjì.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí. Àwọn ajẹ́ntì kan ń ta ìbánigbófò tí kò sí lórí NIID rárá, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò Nàìjíríà ń lò. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú wọn. Bí kò bá jáde, bébà lásán lẹ rà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé ọkọ̀ wé káàdì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásí, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Lẹ́tà O tó di òdo ti tó fún ọlọ́pàá Hillacondji, bodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti dá ọkọ̀ dúró. Ojúlówó ni kí ẹ gbé dání, kì í ṣe fọ́tò orí fóònù.

Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe gbà láti san owó kankan lójú títì. Ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọ́fíìsì Brown Card orílẹ̀-èdè náà àti iléeṣẹ́ yín nílé. Ẹ ti gba nọ́ńbà fóònù wọn ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà lọ́wọ́ ajẹ́ntì kí ẹ tó gbéra. Ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú máa ń falẹ̀, torí ó ń gba ọ́fíìsì orílẹ̀-èdè méjì kọjá.

Ẹni tó bá ń lọ sí Niger, Mali tàbí Burkina Faso, tí wọ́n jáde nínú ECOWAS ní January 2025, kí ó jẹ́ kí iléeṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé káàdì náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé àṣẹ àwọn aṣọ́bodè fún ọkọ̀ sì tún wà lọ́tọ̀; Brown Card kò lè rọ́pò rẹ̀.