Ẹ̀kọ́ Oúnjẹ fún Àgbà Alátọ̀gbẹ ní Òṣogbo: Ẹ̀ṣẹ́ Kan Ni Òkèlè

Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin ni mo fi gbé màmá mi, ẹni ọdún 71, lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Fíà, níbi tí nọ́ọ̀sì kan àti onímọ̀ oúnjẹ kan ti ń kọ́ àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ bí wọn yóò ṣe máa jẹun. ₦5,000 ni a san fún gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ti kọ́kọ́ fún màmá ní ìwé pélébé kan tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju òòtì àti èso ápù lọ. Màmá ká a sí mẹ́rin, wọ́n tì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n sì bi mí bóyá àwọn dókítà fẹ́ kí ebi pa àwọn ni.

Ní Òkè-Fíà, onímọ̀ oúnjẹ náà, tí kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì ní kí kálukú sọ ohun tí wọ́n jẹ lánàá. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí kúlà, ó tú àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò nínú ọ̀rá sínú àwo, ó sì ní kí bàbá kan di ẹ̀ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmàlà náà tó ẹ̀ṣẹ́ bàbá mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ pé irọ́ ni pé alátọ̀gbẹ lè jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe wù ú, nítorí gbogbo òkèlè ni ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan ni kí òkèlè jẹ́, kí ewédú tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìyókù. Inú màmá mi dùn pé gbẹ̀gìrì wà lára ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ òde ni mo gbádùn jù. Ìyá wo ní Òṣogbo ni yóò lọ síbi ìnáwó àna rẹ̀, tí yóò kọ oúnjẹ, tí wọn kò ní sọ pé ó ní nǹkan nínú? Onímọ̀ oúnjẹ náà ní kí wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, kí wọ́n jẹ mọ́ín-mọ́ín àti ẹran rẹ̀, kí wọ́n di ìrẹsì lọ sílé fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ní ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ó ní kí ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, rí dókítà kí oṣù náà tó wọlé, kí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dL ṣínu lójú ẹsẹ̀, nítorí Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aago mẹ́wàá ni a jókòó, aago kan kọjá kí a tó dìde, àwọn tó ti gba insulin láàárọ̀ kò sì rí nǹkan fi sẹ́nu. Òógùn bo màmá kan, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dàrú, kí nọ́ọ̀sì tó fi ẹ̀rọ yẹ ṣúgà wọn wò, tí ó bá a ní 58 mg/dL. Wọ́n po kóró ṣúgà mẹ́rin sómi fún wọn mu, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni ojú wọn tó wálẹ̀. Níbi ẹ̀kọ́ oúnjẹ kẹ̀!

Èyí tó dùn mí jù ni pé ìta ni wọ́n fi àwọn tó ń dáná sí, wọ́n ní àga kò tó. Màmá mi kì í dáná mọ́. Ìyàwó mi ni ó ń ro àmàlà wọn, abẹ́ igi máńgòrò ni ó sì jókòó sí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tí a délé, àlàyé tí màmá ṣe fún un kò ju pé “wọ́n ní kí n máa jẹ àmàlà” lọ. Màmá kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ́ rárá.

Síbẹ̀, owó wa kò gbé, nítorí màmá ti ń di ẹ̀ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo báyìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí. Bí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, n óò gbé àkàrà dání, n óò sì rí àga ìyàwó mi nínú gbọ̀ngàn kí n tó san kọ́bọ̀.