Pajero Àlòkù Tí Koríko Ti Hù Bò: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Rà Á Tí Mo Tún Un Ṣe

Bí ẹ bá ń wá jíìpù tó lè wọ oko lásìkò òjò, tí owó ọwọ́ yín kò sì ká Land Cruiser, ẹ lọ wo Mitsubishi Pajero tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1991 sí 1999. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fọ̀ mọ́, tí wọ́n gbé sí etí títì pé àwọn ń tà. Èyí tí wọ́n pa tì sẹ́yìn ilé, tí táyà rẹ̀ ti jò, tí olówó rẹ̀ kàn fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni mo ń sọ. Irú rẹ̀ ni mo rà ní Ìbàdàn, òun ni mo sì ń gbé lọ sí oko wa lọ́nà Ìjàyè báyìí. Ọkọ̀ náà tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ṣùgbọ́n jíìpù àlòkù lè jẹ owó èèyàn run bí ẹni tó ń rà á kò bá mọ ibi tó yẹ kó wò, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ tèmi ní kíkún.

Tèmi jẹ́ onílẹ̀kùn márùn-ún, ẹ́ńjìnnì V6 (oní-sílíńdà mẹ́fà) lítà mẹ́ta, jíà máńúà. Koríko ti hù dé etí ilẹ̀kùn, aláǹtakùn ti ta sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, eku ti fi ìjókòó ẹ̀yìn ṣe ilé. Olówó rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, bátìrì nìkan ló dá a dúró.” Kò sẹ́ni tó ń ta ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì bá bàbá jiyàn. Mo ní, “Ẹ ṣeun sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ abẹ́ rẹ̀ wò.” Owó tí a padà fẹnu kò sí kò tó owó kẹ̀kẹ́ Márúwá tuntun.

Epo ló fà á tí irú rẹ̀ fi pọ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Táńkì onílẹ̀kùn márùn-ún yìí ń gbà tó lítà 92, V6 náà kì í sì í mu ún níwọ̀nba. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan kúrò ní nǹkan bí igba náírà tó kọjá 500, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé jíìpù lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ló pa á tì. Ọkọ̀ tí kò ní àìsàn tó le rárá wá ń jẹ òjò, ó ń jẹ oòrùn. Fún ẹni tó fẹ́ fi lọ oko, tí kò ní máa fi rìn kiri ìgboro, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù lọ rèé: ẹ́ńjìnnì kọ́ lẹ ń rà. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wà ní Ládípọ̀ ní Mushin, pátì sì wà ní Gate níbí ní Ìbàdàn. Ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ á rí òmíràn gbé sí i. Ohun tí ẹ ń rà ni ṣáṣì, àti ètò tó ń mú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí méjèèjì bá yè, gbogbo ìyókù ṣeé tún ṣe. Bí wọn kò bá yè, ẹ kí olówó ọkọ̀ dáadáa, kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n mú ṣáṣì ṣáájú. Irin gbọọrọ méjì ni, tí wọ́n fi irin ìdábùú so pọ̀, bódì wá jókòó lé e lórí. Ibi tó ti máa ń dógùn-ún jù ni apá ẹ̀yìn, níbi tó ti tẹ̀ gba orí áásù ẹ̀yìn (irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì) kọjá, nítorí ẹrẹ̀ máa ń kó jọ síbẹ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa ló ti Yúróòpù wá, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà kí ọkọ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹni tó lò ó níbí bá tún ń gbé lẹ́bàá òkun l'Ékòó, a jẹ́ pé iyọ̀ pàdé iyọ̀.

Òòlù kékeré, tọ́ọ̀ṣì àti òòfà ni mo kó dání. Mo ń fi òòlù gbá irin náà jẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó yè á dún kaun. Èyí tó ti jẹrà nínú á dún pọ̀, nígbà míì òòlù á tiẹ̀ wọlé lọ. Òòfà wà fún bódì: ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà, ìyẹn èròjà tí àwọn panẹbítà fi ń dí ihò, ni wọ́n fi dí i, kì í ṣe irin. Kí ẹ sì ṣọ́ra gidi fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú. Èmi fẹ́ràn kí n rí ìdógùn-ún lójúkorojú ju kí n bá ọ̀dà tuntun pàdé lábẹ́ ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún.

Tèmi ní ojú kan lẹ́yìn, lápá òsì, tó ti jẹ̀ wọnú. Mo rí i kí n tó sanwó, òun ni mo sì fi dúnàádúrà. Wẹ́dà tó bá mi tún un ṣe kò lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ orí èyí tó ti jẹrà. Ó gé e títí ó fi kan ibi tí irin ti nípọn, ó wá jó irin tuntun tó nípọn bákan náà mọ́ ọn. Kó tó tan iná rárá, ó ní ká tú bátìrì, ká sì sọ táńkì epo kalẹ̀. Ẹ wá wẹ́dà tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá gba owó ju ẹlòmíràn lọ, ẹ san án fún un.

Ètò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fẹ́ràn jù lára ọkọ̀ yìí. Ọ̀pá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà, òun ló ń darí ohun tí Mitsubishi ń pè ní Super Select. Ní 2H, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Ní 4H, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́, ẹ sì lè lò ó lórí ọ̀dà títì, nítorí iwájú àti ẹ̀yìn láǹfààní láti yí ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Ọ̀pọ̀ jíìpù ìgbà náà kò lè ṣe èyí. 4HLc ń so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ pátápátá, inú ẹrẹ̀ àti yanrìn ló wà fún. 4LLc so wọ́n pọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá. Ẹ má fi méjì ìkẹyìn yìí rìn lórí títì gbígbẹ o, wọ́n á fọ́ jíà inú rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ̀ ni bí ẹsẹ̀ iwájú ṣe ń so. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń gba inú àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ àti fáàfù oníná kéékèèké kọjá, tó sì ń fa ohun tó so áásù iwájú pọ̀. Ooru ẹ́ńjìnnì máa ń jẹ àwọn rọ́bà náà títí wọ́n á fi sán. Bí wọ́n bá ti sán, iná ẹsẹ̀ iwájú nínú àwòrán ọkọ̀ kékeré tó wà lójú dáṣíbọọ̀dù á máa ṣẹ́jú, kò ní dúró. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ètò náà ti bàjẹ́, á tú ṣáàfù iwájú, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú, sílẹ̀, á ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ méjì lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó ná ohunkóhun, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá ṣáàfù méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Lára tèmi, méjèèjì wà. Rọ́bà ló ti sán. A pààrọ̀ gbogbo wọn, a fọ àwọn fáàfù, owó tó lọ sí i kò tó owó táyà kan. Nígbà tí mo fi ọ̀pá sí 4H tí iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró láìṣẹ́jú, inú mi dùn kọjá sísọ.

Bí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà bá lè rìn, ẹ wà á lọ sórí ilẹ̀ tútù, ẹ fi sí 4HLc, kí ẹ yí sítíárì dópin. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ó ń ṣagídí láti yí, èyí fi hàn pé iwájú àti ẹ̀yìn ti so lóòótọ́. Bí kò bá lè rìn, ẹ ní kí wọ́n tú ọ́ìlì díẹ̀ nínú tránsífà, ìyẹn àpótí jíà kejì. Irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú ọ́ìlì yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì mi kò kàn yí kọ́kọ́rọ́. Ó tú pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kó lè rí i dájú pé kò dì. Ó tú epo àtijọ́ dànù kó tó gbé bátìrì sí i. Nígbà tó gbá, èéfín búlúù rú jáde, ó wá lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wa wá síbẹ̀ ní ká má rà á, pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Kò kú. Nínú V6 yìí, èéfín búlúù tó máa ń pọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá lẹ́yìn tó ti dúró pẹ́ sábà máa ń wá láti inú rọ́bà kéékèèké tó wà lẹ́nu fáàfù. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ wọn láìsọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Èyí tí kò dáa ni èéfín tí kò dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán. Ẹ tún fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá rí bíi kókó tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti bá a pàdé nínú, iye owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gidigidi.

Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì tó ń mú kí àwọn fáàfù ṣí lásìkò, ìyẹn táímìn bẹ́líìtì, ẹ má bi ẹnikẹ́ni ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Òun ló ń yí pọ́ńpù omi, nítorí náà kí ẹ pààrọ̀ pọ́ńpù náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí iṣẹ́ títú kan náà ni.

Ibi tí èmi àti mẹkáníìkì mi ti ń jiyàn ni omi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká yọ tẹ́ọ̀mósítáàtì yìí dànù, ilẹ̀ wa gbóná jù fún un.” Òun ni fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi fi tuntun sí i.” Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe káàkiri, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà. Tẹ́ọ̀mósítáàtì kọ́ ló ń mú ọkọ̀ gbóná jù. Omi kànga tí wọ́n ń bù sí i lọ́dún dé ọdún ló ń dógùn-ún nínú rédíétọ̀ tó ń dí i pa, tí fáànù náà kò sì ní agbára mọ́. Bí a bá yọ tẹ́ọ̀mósítáàtì, ẹ́ńjìnnì kò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, á sì máa jẹ epo sí i, bẹ́ẹ̀ epo gan-an ni ẹjọ́ tí a ní pẹ̀lú ọkọ̀ yìí. A tú rédíétọ̀, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ ìdè fáànù, a bu kúláǹtì gidi (omi ìtutù ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún) sí i. Kò gbóná jù mọ́, títí kan ìgbà tó bá ń fi 4LLc gun òkè nínú ẹrẹ̀.

Bódì, ìjókòó àti iná kò gba àkókò púpọ̀. Rẹwáyà yọ gbogbo wáyà tí wọ́n ti so kọ́ra wọn láìní fíúsì. Kí ẹ jẹ́ kí ó ṣe é kí iná tó ṣe é fún yín. N kò tíì fín in ní ọ̀dà tuntun, kò sì ká mi lára. Bí iwájú ọkọ̀ bá ga ju ẹ̀yìn lọ lọ́nà tó ṣe àjèjì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fún irin tọ́ṣọ̀n iwájú, èyí tó ń ṣiṣẹ́ sípíríǹgì níwájú, le kó lè ga. Ó máa ń ya rọ́bà tó bo orí áásù, ó sì ń mú kí ọkọ̀ máa fò lójú kòtò. Ẹ bá wọn dá a padà. Ẹ tún fi nọ́ńbà ara ṣáṣì wé ti inú ìwé, ní ojú oòrùn, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Fún pátì, ẹ rántí pé èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń jẹ́ Montero, ọkọ̀ kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní kò sí ti Pajero, ẹ bèèrè Montero, ẹ ó rí i.

Báwo ló ṣe wá ń rìn? Ọ̀nà oko wa ní ibì kan tí odò kékeré máa ń gbà kọjá lásìkò òjò, ilẹ̀ dúdú tó ń fà mọ́ táyà. Kámúrì àwọn aládùúgbò máa ń dúró lókè, àwọn èèyàn á fi orí ru ẹrù kọjá. Pajero yìí á sọ̀kalẹ̀ ní 4LLc, láìjẹ́ pé mo tẹ epo púpọ̀, á sì gun òdìkejì pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn. Pajero gba ìdíje Dakar, eré ọkọ̀ tó máa ń gba inú aginjù kọjá, lẹ́ẹ̀méjìlá, ti àkọ́kọ́ ní 1985, ṣùgbọ́n kò dìgbà tí mo bá rántí ìyẹn kí n tó fọkàn tán an. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ dáadáa, ìyá mi tí ẹ̀yìn ń dùn lè jókòó níbẹ̀ dé oko láìráhùn. Lórí títì márosẹ̀, ó máa ń tẹ̀ bí ẹ bá fi eré wọ kọ́nà, nítorí náà ẹ wà á níwọ̀nba. Epo rẹ̀ pọ̀ nínú gosíló, n kò lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá kí wọ́n kúkú ra oní-dísù, lítà méjì ààbọ̀, nítorí epo. Ó dáa, kì í jẹ epo tó V6 rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gbóná jù rí, orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ti là, ẹ kò sì ní rí i lójú lásán. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ dúró wo omi náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ń hó jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ dé e padà, kí ẹ wá òmíràn.